Ọṣẹ Inú Ìdérí Táǹkì

Kíláàsì karùn-ún ni mo wà ní ọjọ́ tí rédíò ọ̀gá ilé-ìwé wa sọnù. Wọ́n kó gbogbo wa jọ síta, wọ́n bèèrè ẹni tó wọ ọ́fíìsì. Ọláwuyì, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, nawọ́ sókè, ó ní òun rí Adétúnbọ̀ tó wọlé. Èmi ni Adétúnbọ̀. Lóòótọ́ ni mo wọlé, omi ni mo lọ bù mu. Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá mi láti oko kòkó, wọ́n nà mí níṣojú rẹ̀, ó sì mú mi lọ. N kò padà sí ilé-ìwé mọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé àbúrò ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló mú rédíò náà, kò sì sí ẹni tó wá bẹ bàbá mi. Ibẹ̀ ni mo máa ń ti bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ dá ara mi láre, ìdí nìyí tí mo fi tún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ kì í ṣe ti rédíò. Apá òsì mi ti kú láti ọdún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti ń yìn mí ní ìjọ wa, kí ẹnu mi tó tẹ̀lé apá mi.

Mẹkáníìkì ni mí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Òkè-Ìlá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, níbi tí a bá ti ń jáde kúrò ní Ìlá. Ọláwuyì di tíṣà ní tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Òkè-Ìlá, ó ra sikúútà kan tó níwọ̀n, irú èyí tí kò ní jíà, tí àwọn ènìyàn ń pè ní lédíìsì. Ó gbé e wá bá mi. Ó ní, "Adétúnbọ̀, ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí o. Ṣebí àwa la jọ kàwé." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ti gbàgbé. Bó bá jẹ́ pé ojú tì í díẹ̀, bóyá n kì bá ti ṣe ohun tí mo ṣe. Irọ́ ni mo tún ń pa yẹn. Ǹ bá ṣe é bákan náà.

Abẹ́ ìjókòó ni táǹkì sikúútà náà wà. Nínú ìdérí táǹkì, ihò kan wà tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ṣe ń fà. Bí afẹ́fẹ́ kò bá wọlé, epo kò ní sàn mọ́, máṣíìnì á kú lójú ọ̀nà. Tí ènìyàn bá ti ṣí ìdérí, afẹ́fẹ́ á wọlé, á tún jí. Ọṣẹ ni àwa mẹkáníìkì fi ń dí táǹkì tó bá ń jò, nítorí pé bẹntiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ. Mo gé ọṣẹ ìfọṣọ tó tó orí ìṣáná, mo tẹ̀ ẹ́ wọ inú ihò náà, mo fi àtàǹpàkò rà á mọ́lẹ̀. Kò pẹ́ ju kí ènìyàn sín lọ. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni, kí òun náà ti máṣíìnì wọ ilé-ìwé lójú àwọn ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ kan di ọdún méjì. Sikúútà á rìn bíi máìlì mẹ́rin, á kú. Ohun tí gbogbo wa kọ́kọ́ ń ṣe nílùú yìí bí máṣíìnì bá kú ni kí a ṣí táǹkì, kí a wò bóyá epo wà. Ọláwuyì á ṣí i, á rí epo, á dé e padà, máṣíìnì á jí. Ó rò pé máṣíìnì fẹ́ sinmi ni. Ó gbé e lọ bá mẹkáníìkì kan ní Ọ̀tan Ayégbajú, onítọ̀hún náà kọ́kọ́ ṣí táǹkì wò, kò sì rí àléébù kankan lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ ọ́ ní Dúró-ná. Àwọn ọlọ́kadà á kọjá lára rẹ̀, wọ́n á ní, "Tíṣà, ṣé ẹṣin yín ti jẹun tán?" Bọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ ní tirẹ̀ ń pe sikúútà náà ní orogún òun. Ó ní òun ti fi ipò ìyáálé sílẹ̀ fún un, kó ṣáà máa gbé ọkọ àwọn délé. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Màá tú kábúrétọ̀, màá fọ̀ ọ́, màá pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, n kò ní fọwọ́ kan ọṣẹ mi.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ lọ́dún kejì, Ọláwuyì bi mí ohun tí òun lè ṣe bí máṣíìnì bá kú nínú òjò. Mo ní, "Má ṣí táǹkì nínú òjò láéláé. Bí omi bá fi wọ epo, o ti ba ẹ́ńjìnnì jẹ́." Ìmọ̀ràn gidi ni, mẹkáníìkì kankan kò ní sọ ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. Mo fẹ́ kó dúró kí òjò pa á.

Oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, lọ́jọ́ Sátidé, Bọ́sẹ̀dé ń ṣa obì lóko wọn, paramọ́lẹ̀ bù ú jẹ lọ́rùn ẹsẹ̀. Ọláwuyì gbé e sẹ́yìn sikúútà, ó kọjú sí ọsibítù ní Ìlá. Òjò ká wọn mọ́ ọ̀nà. Ẹ̀bá oko ẹ̀gẹ́ mi ni sikúútà kú sí. Mo gbọ́ tó ń pariwo orúkọ mi, mo sáré jáde. Ẹsẹ̀ lásán ni mo rìn wá sóko lọ́jọ́ náà.

Bọ́sẹ̀dé jókòó sídìí igi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú dé orúnkún. Ó rí mi, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó fi orúkọ ọmọ mi pè mí, ó ní, "Bàbá Peace, ẹ wò ó, orogún mi ti rí mi mú lónìí."

Mo gbé ìjókòó sókè. Mo gbé ọwọ́ lé ìdérí táǹkì. Ọláwuyì fi ara bo ibẹ̀ nítorí òjò, ó ní, "Ṣé omi ò ní wọ̀ ọ́? Ìwọ lo ní n ò gbọdọ̀ ṣí i."

Ẹ jẹ́ kí n kọ ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an. Bí mo bá yí ìdérí yẹn, afẹ́fẹ́ á súfèé wọlé, máṣíìnì á jí lójú ẹsẹ̀, Ọláwuyì kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Á bi mí bó ṣe jẹ́. Ohun tí mo rò nìyẹn. N kò ro ti ẹsẹ̀ obìnrin náà. Mo ní, "Òótọ́ ni, omi á wọ̀ ọ́." Mo dé ìjókòó padà. Mo wá yọ púlọ́ọ̀gì, mo ń fi ẹ̀wù nù ún, mo ń dá a padà, mo tún ń yọ ọ́, bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ká ní mo ṣí i ni, òjò yẹn gan-an ni ì bá fọ ọṣẹ náà dànù. Wákàtí kan kọjá kí ọkọ̀ kan tó kó ẹ̀gẹ́ tó dé. Nígbà yẹn Bọ́sẹ̀dé kò ṣàwàdà mọ́. Ó kàn ń bèèrè bóyá Dámisọ́lá, ọmọ wọn, ti jẹun. Ẹnu ọ̀nà ọsibítù ló kú sí.

Níbi ìsìnkú, Ọláwuyì dì mọ́ mi lójú gbogbo ènìyàn, ó ní èmi ni mo dúró ti òun nínú òjò. Ó ní òun kò lè máa wo sikúútà náà mọ́, kí n máa gùn ún. Mo gbà á. Ọjọ́ náà gan-an ni mo fi ṣáṣá ìgbálẹ̀ yọ ọṣẹ jáde. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gùn ún, kò kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń di kùnsínú, ẹ lọ bá ẹni náà, ẹ sọ ọ́ sí i létí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Ọláwuyì nígbà tó nawọ́ sókè, ohun tó rí ló sọ. Èmi ni mo mọ òtítọ́ tí n kò sọ ọ́. N kò lẹ́tọ̀ọ́ sí àforíjì yín, ṣùgbọ́n mo tọrọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, Ọláwuyì àti Dámisọ́lá wá sílé mi. Ọmọ náà ti di òṣìṣẹ́ ìlera, Òkè-Ìlá ni wọ́n gbé e lọ. Bàbá rẹ̀ ní bóyá kí n yọ̀ǹda sikúútà fún un, nítorí ó dà bíi pé mo ti wò ó sàn. Ó bi mí ohun tí mo ṣe sí i. Mo ní kábúrétọ̀ ni. Dámisọ́lá gbé ìjókòó sókè, ó ṣí ìdérí táǹkì, ó gbé e sójú oòrùn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ihò kékeré yìí ńkọ́? Ṣé kí n wá nǹkan fi dí i ni, kí omi má baà máa wọlé?"

Mo ní, "Má dí i."

Ohùn mi ga ju bó ṣe yẹ lọ. Bàbá rẹ̀ yíjú wò mí. Mo di àga mú, mo dìde.

"Ọláwuyì, èmi ni mo dí i. Ọṣẹ ni mo fi dí i, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí o gbé e wá. Mo gbé ọwọ́ lé e nínú òjò ọjọ́ yẹn, mo mọ ohun tó ń ṣe é, mo sì dé ìjókòó padà."

Dámisọ́lá ṣì mú ìdérí náà lọ́wọ́. Mo tún un sọ, kí òun náà lè gbọ́ ọ dáadáa.