Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Dá Mi Lóhùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè, ara rẹ̀ sì le. Bí mo ti ń kọ ìwé yìí ni mò ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Síbẹ̀, bí oṣù ààwẹ̀ bá ti lé, tí gbogbo ènìyàn ń yọ̀, ńṣe ni ojú máa ń tì mí. Ẹnu mi yìí ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ìyá mi. Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Mo ti mọ òwe náà láti kékeré, àṣé mo rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pa á fún!

Lébìrà ni mí. Mo kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìkà á tán, ọwọ́ mi ni mo sì fi ń jẹun. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òkúta ni à ń fọ́ fún ọ̀nà tí ó lọ sí Olúpọ̀nnà láti Ìwó níbí. Ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀, aránṣọ ni. Òun ni ó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wa. Ní ọdún tí ó ṣáájú, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́ láìdáwọ́ dúró, ó ń tọ̀ ṣáá, ó sì ń rù débi pé òun fúnra rẹ̀ ń rán ìbàdí ṣòkòtò ara rẹ̀ wọlé ní oṣooṣù. Nígbà tí ó lọ sí Ìbàdàn, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Wọ́n kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ ní itan láràárọ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gba ààwẹ̀. Inú ìkòkò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù ni ó ń fi ìgò oògùn náà sí kí ó lè tutù. Èmi àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sífáwù, nìkan ni ó mọ̀. Ó mú wa ṣèlérí pé a kò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí wọ́n ti ń tọrọ Sífáwù àkọ́bí rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù pé bí àwọn àna bá gbọ́, wọn yóò ní àìsàn ń bẹ nínú ìdílé wa.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a rí oṣù, àwa ọkùnrin jókòó síwájú ilé, a ń ṣàwàdà. Àna rẹ̀ náà wà níbẹ̀, bàbá ọmọkùnrin tí ó fẹ́ fẹ́ Sífáwù, òun ni Àlùfáà tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní òdìkejì ọ̀nà. Èmi kì í sábà sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, bóyá mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tèmi náà lẹ́ẹ̀kan, mo ní, “Àwa tí à ń fọ́ òkúta nínú oòrùn ni kí á gbààwẹ̀ o. Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ń jókòó síbòòji, kí wọ́n máa mu ẹ̀kọ wọn lọ.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ká aṣọ tí ó ń rán, ó wọlé. Ṣé ẹ rí i? Èmi tí mo mọ ìdí rẹ̀ ni mo fi í ṣẹ̀sín!

Ní ọjọ́ kejì ó jẹ sàárì díẹ̀, ó sì gún abẹ́rẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má gbààwẹ̀, ó ní abẹ́rẹ́ kì í ṣe oúnjẹ, kò ba ààwẹ̀ jẹ́. Òun yóò gbọ́ ti dókítà, òun yóò sì gbọ́ ti Ọlọ́run. Lẹ́yìn ìrun Àìlá ní ọ̀sán, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo dọ̀bálẹ̀ kí i níbi tí ó jókòó sí nídìí ẹ̀rọ. Ó wò mí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára mi, ṣùgbọ́n kò fọhùn. Mo tún kí i. Kò dáhùn. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ó ti yàn mí lódì nítorí àwàdà àná. Inú bí mi, mo wọ yàrá mi, mo sùn.

Igbe Ìyá Sífáwù ni ó jí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣubú, òógùn bo ojú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ rọ jọwọrọ. Àwọn ará ilé ní ẹ̀gbà ni, ó ti parí. Mo sáré lọ pe ọkọ̀ tí ń kó òkúta wa, èmi àti Àlùfáà sì gbé e sínú rẹ̀, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà tí a bá níbẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi eyín hàn. Ẹnu lọ sí apá kan. Dókítà gbé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì sókè. Ti ọ̀tún já wálẹ̀ bí igi gbígbẹ. Ó ní ó jọ ẹ̀gbà lóòótọ́. Ó wá kọjú sí wa, ó bi wá ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, àìsàn tí ń ṣe é tẹ́lẹ̀, àti oògùn tí ó ń lò. Ìyá Sífáwù wò mí. Èmi wo Àlùfáà, tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ó di fìlà ẹ̀gbọ́n mi mú.

Ìyá Sífáwù ní, “Kò sí àìsàn kankan tẹ́lẹ̀, sà.”

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Mo wo ọwọ́ ọ̀tún náà, ọwọ́ tí ó rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi. Ìlérí wo ni mo fẹ́ pa mọ́ fún òkú?

Mo ní, “Dókítà, àtọ̀gbẹ ń ṣe wọ́n. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ láàárọ̀, wọ́n sì ń gbààwẹ̀. Èmi ni mo fi wọ́n ṣẹ̀sín tí wọ́n fi gbà á. Láti ọ̀sán ni wọn kò ti lè fọhùn, mo rí i, mo sì lọ sùn.”

Ó ju kálàmù sílẹ̀. Kíá ni nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ ńlá kan dé, omi ṣúgà ló wà nínú rẹ̀, dókítà sì rọra ń fi í sí iṣan apá rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà kò tíì tán tí òógùn ojú ẹ̀gbọ́n mi fi ń gbẹ. Ìka ọ̀tún rẹ̀ mira. Ẹnu rẹ̀ padà sípò lójú wa. Ó wò yíká, ó ní, “Ṣé oòrùn ti wọ̀ ni?”

Ìyá Sífáwù bú sẹ́kún. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé fún wa pé abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ tí ó gún láàárọ̀ a máa jẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bí oúnjẹ kò bá sì tẹ̀ lé e, ebi a pa ọpọlọ, ọpọlọ tí ebi ń pa sì lè ṣe bí ẹni tí ẹ̀gbà mú gẹ́lẹ́. Ó ní bí a bá dákẹ́ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti bẹ́yìn yọ.

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi. “O kí mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́. Ohùn ni kò jáde.”

Ilẹ̀ ibẹ̀ ni mo dọ̀bálẹ̀ sí. Àlùfáà wọlé, ó fi fìlà dé e lórí. Ó ní, “Àna, ọmọ yín ni a wá fẹ́, kì í ṣe ìtọ̀ yín.” Nọ́ọ̀sì pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó tún ní Ọlọ́run kò di ẹrù ààwẹ̀ ru aláìsàn. Kí ẹ̀gbọ́n mi máa fi oúnjẹ bọ́ tálákà kan lójúmọ́ dípò ààwẹ̀.

Sífáwù ti dé ilé ọkọ báyìí. Ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni bàbá rẹ̀ fi rán agbádá tí ọkọ ìyàwó wọ̀. Bí oṣù ààwẹ̀ bá dé, èmi ni mò ń gbé abọ́ tálákà náà jáde lójoojúmọ́, n kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ṣe fi àìsàn pa mọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ wò yín sàn. Bí ẹ bá sì kí ènìyàn yín tí kò dáhùn, ẹ má tíì ka odì sí i lọ́rùn. Ẹ wo ẹnu rẹ̀, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú ná. Láàárọ̀ yìí mo dọ̀bálẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, “O ò jí ire bí?” N kò tètè dìde.