Ojú Òkú Tí Mo Bà Jẹ́

Ẹ gbé ìrọ̀rí sí mi lẹ́yìn, ẹ̀yin obìnrin mọ́ṣáláṣí, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ìyá Olóore lẹ̀ ń pè mí. Ẹ ní bó bá ku Mùsùlùmí òdodo kan láyé, èmi ni. Irọ́ ni. Gbogbo òkú obìnrin àdúgbò yìí, èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, ọwọ́ tí mo fi ń wẹ̀ wọ́n gan-an ló sì dọ̀tí.

Ẹ rántí Ìyá Aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé mi. Kì í wá síbi wáàsí. Bí wọ́n bá pe ìrun, ẹ̀rọ rẹ̀ á dákẹ́, á ti ilẹ̀kùn, èmi a sì sọ fún yín pé oorun ló ń lọ sùn. Lọ́jọ́ kan tí mo gbààwẹ̀, ó ń wọn aṣọ fún mi, mo sì ń sọ̀rọ̀ ìyàwó kan láìdáa lẹ́yìn rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹran èèyàn tí ẹ̀ ń jẹ yìí, ṣé kò ní ba ààwẹ̀ yín jẹ́?” Àwọn oníbàárà rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò kúrò létí mi mọ́.

Nígbà tó kú, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wá kúnlẹ̀ níwájú mi. “Màmá, ẹ̀yin ni màámi ní kí n pè. Wọ́n ní ẹ mọ̀ ọ́n ṣe.” Mo lọ. Mo rán ẹnìkejì mi tí a jọ ń wẹ òkú pé kó lọ bu omi sí i, ó wá ku èmi àti òkú. Awọ orúnkún rẹ̀ ti yi, ó ti dúdú, bí ti ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kúnlẹ̀, tó ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun. Àṣé ìrun ló ń kí lẹ́yìn ilẹ̀kùn! Ojú rẹ̀ wá mọ́ kedere, bí ojú ẹni tó gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Dípò kí n dúpẹ́, inú bí mi. Kí ẹnìkejì mi tó dé, mo ti fi aṣọ bò ó lójú.

Ẹ̀yin lẹ wà lọ́dẹ̀dẹ̀. Ẹ gbà pé ojú òkú ló ń sọ ibi tó ń lọ, ẹ wá ní, “Báwo lojú ṣe rí?” Ẹni tó ń wẹ òkú, àmánà ló gbà: rere tó bá rí ló lè sọ, ibi tó bá rí, á bá òkú wọlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Mo mí kanlẹ̀, mo mi orí. “Ẹ má bi mí. Ẹ ṣáà máa tọrọ àforíjì fún un.” Kó tó di Jímọ̀, ojú rẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò lẹ́nu yín. Mò ń fa tẹ̀sùbáà, mò ń gbọ́, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni wí.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Àwọn ẹbí ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ náà kọ̀ ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ó wá jókòó sílẹ̀ nínú yàrá mi. “Màmá, ẹ̀yin nìkan lẹ rí i. Ṣé lóòótọ́ lojú màámi dúdú?” “Rárá” péré ni kí n sọ! Orúkọ rere tí ẹ fún mi ni mò ń rò. Mo fọwọ́ pa á lórí, mo ní, “Ọmọ mi, máa gbààwẹ̀ fún un.” Láti ìgbà náà ló ti ń gbà á, tó ń gbẹ, tó rò pé ìyá òun wà nínú iná. Ó tún ní kí n kọ́ òun níṣẹ́ yìí, “kí n lè máa bo àṣírí òkú bí ẹ ṣe bo ti màámi.” Ẹ gbọ́ o! Èmi, ẹni tó ń bo àṣírí!

Àwọn àlùfáà ní ẹ̀tọ́ ẹni tí a ṣẹ̀, Ọlọ́hun kì í gbójú fò ó, àfi bí ẹni náà bá dárí jini. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bẹ̀?

Ọmọ Aránṣọ, ìwọ tí o jókòó sídìí ilẹ̀kùn yẹn, ojú ìyá rẹ mọ́. Ó mọ́ ju tèmi lọ. Ìwọ lo máa wẹ̀ mí. Ohun tó o bá rí lójú mi, má bò ó, jáde kó o sọ ọ́ fún wọn. Ètè rẹ ti gbẹ. Ẹ bu omi fún un. Mu ún, ọmọ mi. Bí o ò bá lè dárí jì mí, ṣáà mu omi.