Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Yọ Kúrò Lórí Ojú-Ìwé

Wọn kò ní pa mí. Orílẹ̀-èdè yìí ti fòpin sí pípa ọ̀daràn, nítorí náà ẹ̀wọ̀n gbére ni adájọ́ fún mi, inú yàrá yìí ni n ó sì kú sí. Àwọn ọkùnrin tí a jọ ń sùn níbí máa ń bá ara wọn sọ èdè Júlà, wọ́n máa ń ta ayò. Wọn kì í pè mí sí i, nítorí wọ́n mọ ẹni tí mo pa. Ìyàwó mi ni. Risikatu ni orúkọ rẹ̀. Mò ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, n kò sì rí ẹni tí n ó bá sọ ọ́, nítorí ta ni yóò kí apààyàn kú ará fẹ́ra kù?

Treichville, ní Abidjan, ni wọ́n bí mi sí. Èjìgbò ni bàbá mi ti wá. Mo lọ sí ilé-ìwé Faransé, mo sì di olùkọ́ ìṣirò ní lycée, ilé-ìwé girama wọn. Risikatu ń ta aṣọ ní ọjà Grand Marché. Ó máa ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ sọ Júlà, a máa bá mi sọ Yorùbá, tó bá sì fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, a pè mí ní Prof. A kò bímọ. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa, ìdákẹ́jẹ́ ló dá sílẹ̀. Bó bá ti ọjà dé, a ó jẹun, a ó wo tẹlifíṣọ̀n, a ó sùn.

Nígbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì gbòde, mo fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, mo ṣí cyber kan, ṣọ́ọ̀bù tí èèyàn ti ń sanwó lo íńtánẹ́ẹ̀tì, sí àdúgbò Williamsville. Okùn tẹlifóònù kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo kọ̀ǹpútà inú rẹ̀. Àwọn oníbàárà á jókòó, wọ́n á máa pòṣé. Justin ló gbà mí. Mo ti kọ́ ọ ní ìṣirò rí kó tó di onímọ̀ ẹ̀rọ. Ìdílé Kristẹni láti Benin ni wọ́n, bàbá bàbá rẹ̀ sì jẹ́ akọ̀wé fún àwọn òyìnbó. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń lo sọ́fúwíà alárinà.

Alárinà yìí máa ń dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù àti ayé ìta. Ojú-ìwé tí ẹnì kan bá ṣí, yóò tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹni tó bá tún béèrè rẹ̀ má baà dúró pẹ́. Ṣùgbọ́n ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí tí oníbàárà kì í rí, bí ọ̀rọ̀ tí a kọ sára àpò lẹ́tà. Ti ìròyìn a máa sọ pé: ẹ lè tọ́jú mi. Ti àpótí lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì a máa sọ pé: ẹnì kan ṣoṣo ló ni mí, ẹ má tọ́jú mi. Lẹ́tà sì ni gbogbo oníbàárà ń wá kà. Òun náà ló ń pẹ́ jù.

Àwa fúnra wa la máa ń kọ́ sọ́fúwíà náà bí ẹni kọ́ ilé, láti inú ìlànà tí àwọn tó ṣe é kọ sílẹ̀, a ó sì yan ohun tí a fẹ́ kó lè ṣe kí a tó kọ́ ọ. Àwọn tó ṣe é ti ilẹ̀kùn kan pa nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá ṣí i ti gbà kí sọ́fúwíà náà máa rú òfin íńtánẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ayé jọ fẹnu kò sí. Bó bá ti ṣí, èèyàn lè yọ ọ̀rọ̀ orí ojú-ìwé kúrò bó ṣe wù ú.

Justin rí i pé mò ń wo ibẹ̀. Ó pè mí bí ẹni pe àbúrò bàbá rẹ̀, ó ní, “Tonton, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe wà.”

“Bí a kò bá gbọdọ̀ lò ó, kí ni wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ fún?”

“Ọ̀bẹ ẹran wà ní ilé ìdáná yín, Tonton. Ṣé òun lẹ fi ń fá irùngbọ̀n?”

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ, mo tún sọ́fúwíà náà kọ́, mo ṣí ohun tí wọ́n tì, mo sì yọ ọ̀rọ̀ “ẹnì kan ṣoṣo ló ni mí” kúrò lórí ojú-ìwé àwọn lẹ́tà. Cyber mi ń sáré bí ẹṣin. “Vieux père, ça va vite dèh!” ni àwọn ọ̀dọ́ ń kígbe, pé ó ń yára gan-an. Orí mi wú.

Kò pẹ́ tí oníbàárà mi kan, nọ́ọ̀sì àgbà, pè mí sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

“Mùsiọ̀, ta ni Kofi?”

“Kofi wo, Tantie?”

“Kofi tó ń bẹ̀ mí kí n dárí jì òun. Kí ló ṣe mí?”

Mo na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnì tó ń pe ojú-ìwé tuntun, lẹ́tà tirẹ̀ sì jáde. Mo ní, “Ó rẹ ojú yín ni, Tantie.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Mo mọ ohun tó fà á. Lẹ́tà ẹlòmíràn ni alárinà mi gbé fún un. Mo ní n ó tún un ṣe. N kò tún un ṣe.

Ní àkókò yẹn ni Risikatu bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí cyber lẹ́yìn ọjà, láti ka lẹ́tà Sàlámọ̀, àbúrò rẹ̀ ní Cotonou. Ọmọ obìnrin kan tí wọ́n jọ ń tajà ló bá a ṣí àpótí lẹ́tà. Orúkọ ìnagijẹ ni gbogbo ayé ń lò nígbà náà. N kò bi í léèrè ohun tó pe tirẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó dìde nídìí ẹ̀rọ, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

“Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?”

“Ọ̀rọ̀ yìí ò sí nínú ìṣirò, Prof. Jẹ́ kí n kírun ná.”

Ó gba ẹ̀yìn lọ láti ṣe àlùwàlá. Mo jókòó sórí àga tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀, mo sì pe ojú-ìwé lẹ́tà padà. Ọkùnrin kan ló kọ ọ́, ní Faransé: olólùfẹ́ mi, pàdé mi ní Siporex níbi tí a máa ń pàdé, ọkọ rẹ kò ní fura. Risikatu sì máa ń gbé aṣọ lọ fún àwọn oníbàárà ní àdúgbò Siporex. Bọ́tìnì tí mo tẹ̀ fún nọ́ọ̀sì wà níwájú mi. N kò tẹ̀ ẹ́.

Mo bá a lẹ́yìn ilé, bùútà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mo ti ka lẹ́tà rẹ.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “O ti kà á? Ìwọ ọkùnrin yìí, o ò lè ní sùúrù! Èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún ọ. Ṣé inú rẹ ò dùn ni?”

Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹlẹ́yà. Irin tí a fi ń há ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo gbé e. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi pé ó pe orúkọ mi gan-an, kò pè mí ní Prof.

Nínú àtìmọ́lé, mo gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Mo sọ fún ọlọ́pàá, mo sọ fún ẹni tó ń gbọ́ àti ẹni tí kò gbọ́, pé ìyàwó mi dà mí. Títí Justin fi wá bẹ̀ mí wò. Àwọn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà ti ní kó wo ẹ̀rọ mi.

“Tonton, ẹ ṣí i, àbí?”

Mo gbà fún un pé mo ṣí i.

“Oníbàárà tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn láàárọ̀ ọjọ́ náà ló ni lẹ́tà yẹn. Ẹ̀dà rẹ̀ ṣì wà nínú alárinà, òun ló gbé fún yín nígbà tí ẹ pe ojú-ìwé padà. Ti Tantie Risikatu yàtọ̀.”

“Kí ló wà nínú tirẹ̀?”

Ó ní, “Tantie Sàlámọ̀ ti gba ẹ̀bẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní kí wọ́n wá mú ọmọbìnrin òun kékeré wá sí Abidjan, kí ẹ̀yin méjèèjì máa tọ́ ọ.”

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti gbé orí sókè mọ́. Mo sọ òtítọ́ fún adájọ́, ìdájọ́ tó dá kò sì pọ̀ jù.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà mí, orí yín pé nídìí ẹ̀rọ ju tèmi lọ, ẹ ó sì ṣí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. N kò lè dá yín dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá ti fi ọwọ́ ara yín yí padà, ẹ má gbà á ní ẹ̀rí lórí ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ràn bá ń rẹ́rìn-ín, tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀, ẹ má wá ìdí náà lọ sí ibòmíràn. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kó kírun tán, kó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.