Bí A Ṣe Di Ọmọ Mojókòó

Ní ayé àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni tó la ọ̀nà dé ibi tí ẹ jókòó sí yìí, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́dìran. Òun ni bàbá ńlá wa. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn, mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún yín pé ó pa ẹkùn. Kò pa ẹkùn kankan. Àgbẹ̀ oníṣu ni, ẹ̀rù sì máa ń bà á dáadáa. Ìtàn ẹ̀rù tó bà á ni mo fẹ́ sọ, nítorí ẹ̀rù yẹn ló dá ilé yìí sílẹ̀.

Ọdẹ́dìran nìkan ló ṣẹ́kù fún ìyá rẹ̀ nínú ọmọ mẹ́fà. Ìyá yìí dàgbà, ó dàgbà, ó dàgbà débi pé iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra. Díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, á tún fi sí i, á tún fi sí i. Á ní kí wọ́n bu oúnjẹ ọkọ òun sọ́tọ̀, ọkọ tó ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tó yá, kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Lójoojúmọ́ ni yóò di ẹrù rẹ̀, tí yóò forí lé odò, tí yóò ní òun ń lọ sílé bàbá òun ní òdìkejì. Odò Awẹ̀ ni mò ń wí o, lásìkò òjò. Kì í dá ẹni tó bá gbé padà.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọdẹ́dìran gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ló ń bà á lẹ́rù, èèyàn ni. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, ìyá arúgbó kan wà nílùú tí wọ́n ń gbé nígbà náà tí iyè rẹ̀ ra báyìí, tó ń dá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní àjẹ́ ni. Wọ́n fi ọmọ odó lé e wọ igbó lójú ọ̀sán gangan. Ọdẹ́dìran wà níbẹ̀, ó rí i. Aṣọ ìró rẹ̀ nìkan ni àwọn ọdẹ padà rí, lára igi ẹlẹ́gùn-ún. Láti ìgbà tí ìyá tirẹ̀ náà ti ń dá sọ̀rọ̀, ìró yẹn ni Ọdẹ́dìran ń rí tó bá ti di ojú. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá bẹ̀rù, ó kó ẹrù padà sílé bàbá rẹ̀.

Ó wá ku òun nìkan. Ó fi ọ̀já so ìyá rẹ̀ mọ́ ìbàdí ara rẹ̀ kó má baà lọ. Bó bá fẹ́ bu omi, àwọn méjèèjì ni. Bó bá fẹ́ dáná, àwọn méjèèjì ni. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fọ aṣọ tó bá tọ̀ sí. Koríko bo oko rẹ̀, ọ̀yà ń jẹ iṣu rẹ̀. Tí àwọn aládùúgbò bá ń kọjá, wọ́n á dúró lẹ́yìn ọgbà, wọ́n á béèrè pé ara ìyá ńkọ́. Á ní, a dúpẹ́. Wọ́n á ní Elédùmarè ṣeun, wọ́n á kọjá lọ. Wọn ò kúkú wọlé.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọ̀rọ̀ yẹn, "a dúpẹ́", kò síbi tá a kì í gbé e dé. Ebi ń pa wá, a dúpẹ́. Ilé ń jò sí wa lórí, a dúpẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúpẹ́ kiri tún burú jù ú lọ, nítorí ẹni tó dákẹ́, èèyàn lè bi í pé kí ló dé.

Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, oorun di ọ̀tá rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń fún ìyá rẹ̀ ní ẹ̀kọ mu, ìyá náà tu ú sí i lójú, ó gbá a létí, ó pè é ní olè, ó ní kó tú òun sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan dé ẹnu Ọdẹ́dìran. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi lé ìyá ìjọ́sí ni. Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀, díẹ̀ ló kù kó bọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ẹ̀rù tó bà á lọ́jọ́ náà ju ti gbogbo ọjọ́ lọ, nítorí àwọn ará ìlú nìkan ni òun ti ń ṣọ́ látọjọ́ yìí, kò mọ̀ pé ó yẹ kóun ṣọ́ ara òun.

Kò pẹ́ sí i, òjò ṣú lọ́sàn-án, atẹ́gùn tútù fẹ́, oorun sì gbé e lọ níbi tó jókòó sí. Nígbà tó ta jí, ọ̀já wà nílẹ̀. Kò rí ìyá rẹ̀.

Ó sáré. Kò lè pariwo, torí bó bá pariwo, ìlú á gbọ́. Bí ìlú bá sì gbọ́, ọmọ odó dé. Ó sáré láìfọhùn bí ẹni tó jalè. Ó rí ipa ẹsẹ̀ kékeré nínú ẹrẹ̀, ó kọjú sí odò tààrà. Ó ń bẹ ilẹ̀, ó ń bẹ omi, kò mọ ohun tó ń sọ mọ́.

Inú omi ló bá ìyá rẹ̀, omi ti mù ún dé àyà, obìnrin kan sì gbá a mú látẹ̀yìn. Ẹfúntọ́lá ni, amọ̀kòkò tó máa ń wa amọ̀ létí odò, àgbà obìnrin tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Wọ́n jọ fà á gòkè. Ìyá ń gbọ̀n, ó ń béèrè ilé bàbá rẹ̀. Ẹfúntọ́lá ń wo Ọdẹ́dìran. Ẹ̀rù omi kúrò, ẹ̀rù mìíràn dé: ẹnìkan ti rí wọn. Ló bá yára ní ìyá òun kàn fẹ́ wẹ̀ ni, ó ní ara wọn le, a dúpẹ́.

"Ọdẹ́dìran, má dúpẹ́ fún mi," Ẹfúntọ́lá ló sọ bẹ́ẹ̀. "O mọ̀ pé ìyá ọkọ mi ni wọ́n lé wọ igbó. Ta lo rò pé ó kọ́kọ́ pè é ní àjẹ́?"

Ọdẹ́dìran ń nu omi lójú ìyá rẹ̀. Ẹfúntọ́lá tún ní:

"Èmi ni. Oṣù mẹ́sàn-án ni mi ò fi fojú kan oorun. Gbogbo wọn ń kí mi lẹ́yìn ọgbà. Mi ò mọ̀ pé wọ́n á lé e. Mo kàn fẹ́ kí ẹnìkan gbà á lọ́wọ́ mi, kí n sùn."

Ọdẹ́dìran jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sunkún. Ó jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ẹnu òun náà. Obìnrin yìí ò bá a wí. Ó bá a mú ìyá délé, ó bọ́ aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, ó tẹ́ ẹní, ó sì jókòó tì í. Ó ní, "Lọ sùn. Mo jókòó."

Ẹ̀rù ṣì ń bà á o. Bóyá ńṣe ló fẹ́ kóun sùn kó lè lọ pe ìlú. Ó fi ojú kan sùn, ó fi ojú kan ṣọ́ ọ. Ó ń gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń sọ ti ilé bàbá rẹ̀, ó ń gbọ́ bí Ẹfúntọ́lá ṣe ń bi í pé igi wo ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ta ló ń sè, kí ni wọ́n sè. Ìyá dáhùn, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni oorun ti gbé Ọdẹ́dìran lọ. Oòrùn ọjọ́ kejì ti ga kó tó jí, Ẹfúntọ́lá ṣì wà lórí ẹní níbi tó jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ dé ìgboro, kò ṣe kó má dé. Wúyẹ́wúyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan ti ń wá ọmọ odó. Ẹfúntọ́lá lọ dúró ní gbangba, ó sọ ohun tó sọ létí odò fún gbogbo wọn, ó ní òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọmọ odó náà lù. Kò sẹ́ni tó gbé e. Ojú tì wọ́n. Lẹ́yìn náà ni àwọn amọ̀kòkò ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ru amọ̀ wá mọ ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá, kí Ọdẹ́dìran lè roko, kó sì lè sùn. Ọwọ́ kan kì í gbé igbá dé orí. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́, òun náà padà wá. Nínú rẹ̀ la ti ṣẹ̀. Ìyá lo ọdún méjì sí i. Orí ẹní rẹ̀ ló kú sí, kì í ṣe inú omi, kì í ṣe inú igbó.

Nígbà tí Ọdẹ́dìran wá tẹ ibí dó, òfin kan péré ló ṣe. Bí àìsàn tàbí ogbó bá wà nílé, a ò gbọdọ̀ dúró lẹ́yìn ọgbà kí wọn. Ká wọlé ni, ẹni tó ń tọ́jú la ó kọ́kọ́ wò lójú. Bó bá ní a dúpẹ́, ká má gbà á gbọ́. Ká ní, "Lọ sùn, mo jókòó," ká sì jókòó lóòótọ́. Ìdí tí wọ́n fi ń pe ibí ní Ilé Mojókòó nìyẹn. Àwọn ará ìta rò pé ọ̀lẹ ni orúkọ yẹn ń pè wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò ó.

Ó ti tán. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ. Bàbá yín àgbà wà nínú yàrá yẹn, wọn ò lè dá dìde láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Mopélọ́lá ìyàwó bùọ̀dá yín ló sì wà lọ́dọ̀ wọn láti ìdájí. Mo yọjú kí n tó pè yín. Ó ń bu omi sójú kó má baà sùn. Èmi ti darúgbó, mi ò lè gbé wọn. Ẹ̀rù ń bà mí. Ta ni yóò dìde nínú yín?