Aṣọ tí Àwẹ̀ró Gbìn sí Ẹ̀yìnkùlé

Ní ayé àtijọ́ (Mosún, gbé fóònù yẹn sílẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì), ní ayé àtijọ́, nígbà tí agbo ilé yìí kò tíì ju ilé koríko mẹ́rin lọ, obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìyàwó Láníhùn aránṣọ ni, òun sì ni ìyá ńlá tí gbogbo wa ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn láìmọ ohun tó ṣe.

Ohun méjì ni Àwẹ̀ró fẹ́ràn: ọgbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ àti àgékù aṣọ. Bí ọkọ rẹ̀ bá gé aṣọ, tí èyí tó kù bọ́ sílẹ̀, Àwẹ̀ró á ṣà á. Ó ń ṣà, ó ń rán an pọ̀, ó ń ṣà, ó ń rán an pọ̀, títí ó fi di aṣọ ńlá kan. Ìró ìyá rẹ̀ tó ti kú wà láàárín rẹ̀. Ìlọ́po méjì ló rán an, àgékù kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àpò, nítorí inú wọn ló ń tọ́jú irúgbìn sí: ilá nínú aláró, tẹ̀tẹ̀ nínú funfun, ẹ̀gúsí, ata, àgbàdo, oníkálukú nínú ilé tirẹ̀. Ó fi aṣọ náà kọ́ sókè àrò kí èéfín lé kòkòrò sá.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àní kò sọ fún ọkọ. Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn. Àkísà tó dúdú fún èéfín ni ojú àwọn èèyàn ń rí, wọ́n sì ń fi í rẹ́rìn-ín: "Ẹ wo ìyàwó aránṣọ tó ń fi àkísà ṣe ọ̀ṣọ́!" Inú a máa bí i, ṣùgbọ́n a dákẹ́, nítorí ìyàwó kì í bá ará ilé ọkọ fa ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ti òde òní, ẹ kò mọ ìyẹn.

Lọ́dún kan, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo! Gbogbo ilé gbé ọkọ́, wọ́n ń gbin gbogbo irúgbìn tí wọ́n ní. Àwẹ̀ró ní, "Ẹ̀yin ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá díẹ̀ sí. Òjò ẹ̀ẹ̀kan kò tó í gbára lé." Wọ́n ní kí ló mọ̀. Òjò lọ, kò padà. Oòrùn jó gbogbo ohun tó hù. Àwọn tó ṣẹ́ irúgbìn díẹ̀ kù sì sè é jẹ, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nígbà tó yá, irúgbìn inú aṣọ yẹn nìkan ló kù láàárín agbo ilé yìí àti ikú. Àwẹ̀ró ń wojú ọ̀run lójoojúmọ́, ó ń dúró de òjò gidi.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Láníhùn ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó kó ọmọ rẹ̀ ti ilé ọkọ padà wá sílé. Àwẹ̀ró kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, Eyínfúnjowó ló ń pè é. Èèyàn rere ni, ṣùgbọ́n kò lè rí nǹkan kó má fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ tí Àwẹ̀ró lọ ṣẹ́gi, Eyínfúnjowó gbójú sókè àrò, ó rí aṣọ dúdú yẹn, àánú ìyàwó ṣe é. Ó gbé e, ó di odò. Ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Ó tún fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì!

Nígbà tí Àwẹ̀ró máa fi dé, aṣọ ti wà lórí okùn, omi ń kán tótó.

"Ìyàwó mi, o ò kí mi kú iṣẹ́?" ni Eyínfúnjowó wí. "Ìdọ̀tí ọdún mélòó ni mo bá ọ fọ̀ yẹn! Kóró kan tiẹ̀ wà nínú ẹ̀. Bóyá eku ló kó o síbẹ̀."

Igi orí Àwẹ̀ró já bọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ni, kí ló fẹ́ sọ? Ó bá kọjú sí igi ọ̀pẹ kan tó wà níbẹ̀, ó sì jágbe mọ́ ọn: "Ìwọ ọ̀pẹ yìí, ta ló rán ọ níṣẹ́? Ta ló bẹ̀ ọ́? Ṣé o ò lè káwọ́ gbera lọ́jọ́ kan ṣoṣo láyé ẹ ni?"

Láníhùn sáré jáde. Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti wá sọ ohun tó wà nínú aṣọ. Eyínfúnjowó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Yéè! Mo ti pa ilé bàbá mi!"

"Ẹ jẹ́ ká sá a gbẹ," ni Láníhùn wí.

"Irúgbìn tó ti mu omi yó, bí a bá tún sá a, ó kú nìyẹn. Òní ló gbọ́dọ̀ wọlẹ̀," ni Àwẹ̀ró wí.

Ó tú àgékù kan, kóró tó ti rọ̀ fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kò ṣeé tú. Ó wo ìró ìyá rẹ̀ láàárín aṣọ náà, omijé bọ́ lójú rẹ̀, nítorí kò ní ohun mìíràn tó jẹ́ ti ìyá rẹ̀ láyé. Lẹ́yìn náà ló gbé ọkọ́. Ó ro ẹ̀yìnkùlé, ó tẹ́ aṣọ náà síbẹ̀ bí ẹní, ó fi abẹ ọkọ rẹ̀ la ojú àgékù kọ̀ọ̀kan kí irúgbìn lè rọ́nà jáde, ó sì bu yẹ̀pẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ.

"Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ yín tí kì í sinmi yẹn, ẹ bá mi fi pọnmi."

Odò jìn, ó pọnmi. Ẹsẹ̀ wú, ó pọnmi. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́, ogún ọjọ́ gbáko kí òjò tó padà. Ilá hù níbi aláró, tẹ̀tẹ̀ hù níbi funfun, ẹ̀yìnkùlé wá rí bí aṣọ náà gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ti jẹ ẹ̀fọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí irúgbìn gbin oko. Ṣùgbọ́n aṣọ jẹrà sínú ilẹ̀.

Ẹsẹ̀ wíwú yẹn náà ni Eyínfúnjowó fi rìn lọ sílùú ìyá Àwẹ̀ró. Ọjọ́ mẹ́ta ni. Ó bẹ àbúrò olóògbé, ó gba àgékù ìró kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì gbé e lé ìyàwó lọ́wọ́. Àwẹ̀ró tí kò bú u lọ́jọ́ tó fọ aṣọ, ọjọ́ yẹn ló dì mọ́ ọn, tó sì bú u dáadáa.

Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí ìyàwó bá wọ ilé yìí, ọmọ ilé lóbìnrin ló ń lọ tọrọ àgékù aṣọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ọmọ ilé ló ń pọnmi sí ọgbà àwọn ìyàwó, ì báà jẹ́ pé ilẹ̀ ṣì tutù. Inú Eyínfúnjowó ni èmi tí mò ń jágbe mọ́ yín yìí ti wá. Ẹ yéé wò mí lójú. Ẹ dìde, ẹ gbé garawa, àwọn ìyàwó ń dúró.