Ọwọ́ Mi Ni Mo Fi Kọ Ọ́ Pé A Kò Mọ Ọmọ Àbúrò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín kí ẹ tó bínú. Nígbà kan, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ọmọ agbo ilé wa ni ọkùnrin kan tí n kò rí rí. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó pè mí ní "Akọ̀wé Àgbà". Orí mi wú. Mo ti kọ ìwé fún un tán kí n tó rántí pé n kò bi í pé ọmọ ta ni. Títí di òní, n kò mọ ibi tó ti wá.

Àṣìṣe òmùgọ̀ nìyẹn. Ó ṣeé fi ṣẹ̀fẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ kò ṣeé fi ṣẹ̀fẹ̀, nítorí nínú ọdún kan náà ni mo kọ ọ́ pé a kò mọ ọmọ tí àbúrò mi bí. Ọdún méjìlá ni mo fi gbé e pamọ́. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọmọ náà wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ọpẹ́ náà sì fẹ́ pa mí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n kò ka méje. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn àgbà agbo ilé wa ní Ìkirè, èmi ni mo mọ̀wé jù. Bí ọmọ ilé bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á fún un ní lẹ́tà kó gbé wálé. Èmi ni màá kọ èsì pé a mọ̀ ọ́n. Baálé ilé wa, tí wọn kò mọ̀wé, á tẹ àtàǹpàkò sí i. Màá lẹ àpòòwé pa, ọmọ náà á gbé e padà. Gbogbo agbára mi kò ju bírò kan lọ, ṣùgbọ́n bí adájọ́ ni mo ṣe ń jókòó.

Sàúdá, àbúrò mi obìnrin, fẹ́ ọkùnrin kan tó ti Bẹ́núè wá ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Ìkirè-Ilé. Àgàtú, orúkọ ẹ̀yà rẹ̀, ni gbogbo wa ń pè é. Òun náà ni wọ́n kọ mọ́ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ìwé. Wọ́n kọ́lé sí Àpòmù. Rùkáyà ni àkọ́bí wọn. Ní agbo ilé wa la ti sọ ọ́ lórúkọ, ojú mi ló ṣe.

Rùkáyà yege ìdánwò ilé ìwé nọ́ọ̀sì. Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú nìkan ló kù. Ó gbé lẹ́tà wá bá mi, ó kúnlẹ̀. Mo ní kó lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bí mo ṣe fẹ́ máa kọ ọ́ ni Lásísì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, yọ sí mi lẹ́yìn. Ẹnu Lásísì mú ju àdá lọ. Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé ọmọ Àgàtú lo fẹ́ sọ di onílé? Kọ ọ́ o. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá gba ilẹ̀, tìẹ la ó gé fún wọn. Baálé á sì gbọ́ pé ìwọ lo kó àlejò wọ̀ wá."

Ẹ̀rù bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé àgbàlagbà kì í sọ báyìí síta, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Èmi tí mo fi igi lásán pa ejò nílé ìdáná, Lásísì wúkọ́ lẹ́yìn mi, mo gbàgbé pé mo ní ẹnu.

Mo kọ ọ́: "A kò mọ ẹni yìí ní agbo ilé wa."

Mo gbé e tọ Baálé lọ. Mo ní, "Ìwé ọmọ Sàúdá ni." Wọn kò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo lẹ ẹ́ pa, mo fi lé Rùkáyà lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Ìkirè. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa." Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ.

Ní ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní kó lọ gba ìwé níbi tí bàbá rẹ̀ ti wá. Ó wọkọ̀ lọ sí Bẹ́núè. Àwọn ará ibẹ̀ fi èdè wọn kí i, kò lè dáhùn. Wọ́n ní kó padà síbi tí wọ́n bí i sí. Kó tó padà dé, ilé ìwé ti fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Sàúdá sunkún nínú ilé mi. Mo ní, "Ìjọba ni. Ìjọba le." Ẹ gbọ́ irọ́ àgbà!

Àwọn ọmọ kéékèèké ni Rùkáyà ń kọ́ ní Àpòmù báyìí. Bí ọmọ kan bá ṣubú nílé ìwé wọn, òun ni wọ́n máa ń pè kó wá di ọgbẹ́ náà.

Lóṣù tó kọjá, ó tún gbé irú lẹ́tà yẹn wá, ti Sọ̀fíyà àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìkirè, ẹ ṣeun ti ọjọ́sí. Ẹ sa ipá yín, àwọn ará ọ́fíìsì ni ò gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá wa kọ ti Sọ̀fíyà."

N kò lè jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà. Ìyàwó mi ní, "Ṣé ibà ni?" Mo ní, "Ọpẹ́ ni."

Mo lọ bá Baálé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́, mo ń retí èébú. Wọ́n wá ní, "Kí lo sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo tẹ̀ka yẹn?"

"Mo ní ìwé ọmọ Sàúdá ni, Bàbá."

"Mo kọ̀ bí?"

"Ẹ ò kọ̀, Bàbá."

"Mo ti gba ọmọ yẹn láti ọjọ́ náà. Ìwọ lo fi àtàǹpàkò mi tì í síta. Ọmọ tí obìnrin ilé yìí bá bí, ọmọ ilé yìí ni, bàbá rẹ̀ ì báà ti òkè òkun wá. Ta ló ní n ó bínú? Ṣé o bi mí ni?"

N kò bi wọ́n. Ọdún méjìlá ni mo fi sá fún ìbínú tí ẹnikẹ́ni kò bí. Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pe Lásísì, ó ní, "Háà, Akọ̀wé, ṣé o ò mọ̀ pé eré ni mo ń bá ọ ṣe?" Eré!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí bírò ilé yín wà lọ́wọ́ yín, ẹ má ṣe bíi tèmi. N kò ní àwáwí. Ẹ bá mi bẹ ọmọ yìí. Bí ohun kan bá tún wà tó yẹ kí n ṣe, ẹ sọ fún mi, n ó ṣe é, ẹsẹ̀ mi ì báà máa gbọ̀n.

Lọ́jọ́ kejì tí mo jẹ́wọ́ fún Baálé, mo lọ sí Àpòmù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá àti ọmọ. Sàúdá dìde, ó wọlé, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìsinsìnyí. Rùkáyà ń wò mí.

Ó ní, "Ọwọ́ yín lẹ fi kọ ọ́?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Lẹ́yìn tí mo kúnlẹ̀?"

"Lẹ́yìn tí o kúnlẹ̀."

Ó mú tákàdá àti bírò wá. Ó ní, "N kò tíì dárí jì yín o. Ẹ kọ ti Sọ̀fíyà lójú mi. Kí ẹ wá kọ tèmi."

Mo kọ orúkọ Sọ̀fíyà. Mo kọ orúkọ ìyá rẹ̀. Mo kọ orúkọ agbo ilé wa. Rùkáyà ní kí n kọ orúkọ bàbá àwọn náà síbẹ̀, kí n má fi pamọ́. Bírò dúró lọ́wọ́ mi. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń jẹ iṣu oko ọkùnrin náà. Mo ní, "Rùkáyà, kí ni bàbá yín tiẹ̀ ń jẹ́ gan-an?"

Ó ní, "Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Ẹ lọ bi wọ́n."