Àná La Dé

Létí ọ̀sà ní Àgbádárìgì, lórí àga gbọọrọ tí a jókòó sí tí a ń dúró de ọkọ̀ ojú omi, ni mo ti gbọ́ ohun tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń bá bàbá arúgbó kan fà.

"Bàbá, ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi yìí ò dáa. Èmi ni mò ń bá ọ̀gá mi máàkì ìwé ní ẹ̀ka ìtàn ní yunifásítì. Mo rán akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá sí yín ní Àjárá, kí wọ́n bi yín bí ìdílé yín ṣe dé ibẹ̀. Ìtàn méjìlá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó wá! Ọ̀la ni ọ̀gá mi fẹ́ gba máàkì. Ta ni kí n fún ní òdo?"

"Má fún ẹnì kankan. Ọmọbìnrin tó gbé ọtí wá, mo sọ fún un pé àwa la dé kí ọ̀sà tó dé. Búrẹ́dì lèyí tó tẹ̀lé e mú wá, mo ní àwa la ṣe ìkejì."

"Ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé àná lẹ dé, Bàbá! Àná!"

"Ọwọ́ lásán nìyẹn fi wá."

Odidi ìdílé tí gbogbo wa mọ̀ pé ó ní ilẹ̀ dé ẹ̀bá títì ní Àjárá, àná ni wọ́n dé. Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀rín gbé mi jù sómi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó dáa, Bàbá. Èwo gan-an ni òótọ́ níbẹ̀?"

Bàbá wo ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà méjèèjì, ó tún wo àpò ìwé rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Kí lo mú wá?"

Àgbọn mẹ́ta wà lọ́wọ́ tèmi. Mo rọra sún mọ́ bàbá.